Baba, Ọmọ àti Ijó Alẹ́ Kan: Àgbéyẹ̀wò Ewì Tí Ó Gba Ìtumọ̀ Méjì

Kò sí ìbátan kan láàrin ọmọ ènìyàn tí ó ṣòro láti rí ìdí rẹ̀ tó ti baba àti ọmọkùnrin rẹ̀, nítorí pé ìyá a máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìfẹ́ rẹ̀ fún ọmọ, a máa kì í láàárọ̀, a máa fi orúkọ àpọ́nlé pè é lálẹ́, ṣùgbọ́n baba, pàápàá baba ilẹ̀ wa ní ayé àtijọ́, a máa fi ìfẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sínú iṣu tí ó ń rù bọ̀ láti oko, sínú ìbáwí, àti sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Wúrà a máa dùn ún wò, ṣùgbọ́n inú dígí ni ọmọ ti ń rí ara rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ohun tí ó rí wù ú, ì báà sì jẹ́ pé ó bà á lẹ́rù. Nítorí náà, nígbà tí akéwì bá dìde láti sọ̀rọ̀ nípa baba rẹ̀, kì í ṣe ohun ìyanu bí àwọn tí ń gbọ́ ọ bá pín sí méjì, tí apá kan ń sọ pé ìyìn ni ó ń yìn ín, tí apá kejì sì ń sọ pé ẹjọ́ ni ó ń rò.

Nínú àwọn ewì irú èyí tí mo mọ̀, kò sí èyí tí àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ́ tó ti Theodore Roethke, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ “My Papa’s Waltz,” tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1942, tí ó sì wọ inú ìwé The Lost Son and Other Poems ní ọdún 1948. Ewì kékeré ni, ìlà 16 péré ní ẹsẹ mẹ́rin, síbẹ̀ ó ti lé ní 80 ọdún báyìí tí àwọn òǹkàwé ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: baba kan ti mu ọtí líle yó, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí òòyì kọ́ ọmọ kékeré, ó gbá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ń jó ijó waltz yí ilé ìdáná ká, àwọn ìkòkò àti páànù sì ń já bọ́ láti orí pẹpẹ, ìyá ọmọ dúró, ó fa ojú ro, kò sì lè tú u ká. Ọwọ́ tí baba fi di ọmọ mú ti fi ara gbọgbẹ́ ní oríkèé ìka. Nígbàkígbà tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, irin ìgbànú rẹ̀ a ha ọmọ létí. Àtẹ́lẹwọ́ tí erùpẹ̀ ti gan mọ́ ni ó fi ń ka ìṣísẹ̀ ijó náà sí ọmọ lórí, títí tí ó fi jó gbé e lọ sórí ibùsùn, ọmọ náà sì rọ̀ mọ́ ẹ̀wù baba rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí baba yìí í ṣe. Ní ìlú Saginaw, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni a bí Roethke sí ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 1908; Otto ni orúkọ baba rẹ̀, ará Jámánì sì ni ìdílé wọn kí wọ́n tó ré òkun kọjá. Otto àti arákùnrin rẹ̀ Charles ni wọ́n jọ ni ilé onígíláàsì ńlá kan tí wọ́n ti ń gbin òdòdó fún títà, nítorí náà erùpẹ̀ tí ó gan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ inú ewì yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí ọ̀lẹ, erùpẹ̀ ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú irúgbìn ni. Àrùn jẹjẹrẹ pa Otto ní ọdún 1923, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún 15. Ọmọ náà dàgbà, ó di olùkọ́ àti akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1954, ó sì kú ní ọdún 1963. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ baba yìí kò tán lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1964, ewì mìíràn ń bẹ tí ó fi orúkọ baba rẹ̀ gan-an pè.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ka ewì náà rí ayọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò sì ṣàìní ẹ̀rí. Ijó ni akéwì pè é, kò pè é ní ìjà. Orúkọ tí ọmọ kékeré fi ń pe baba rẹ̀ ni ó lò. Àti pé ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi etí sí i, ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń gbé, gẹ́gẹ́ bí ijó waltz ti ń ka mẹ́ta. Baba tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ tí ó sì rí okun láti bá ọmọ rẹ̀ jó ní alẹ́, ní tiwọn, baba rere ni. Àwọn tí wọ́n wá lẹ́yìn wọn wo ìlà kan náà, wọ́n rí ọgbẹ́: wọ́n ní, ẹ wo òórùn ọtí, ẹ wo ìka tí ó bó, ẹ wo etí tí irin ń ha, ẹ wo orí ọmọ tí ọwọ́ ń bà, ẹ sì wo bí akéwì ti dárúkọ ikú gan-an nígbà tí ó ń sọ bí ọmọ náà ti dìrọ̀ mọ́ baba rẹ̀. Kì í ṣe ewì ni ó yí padà láàrin ìgbà méjèèjì. Ayé ni ó yí padà. Ní ọdún 1962 ni oníṣègùn C. Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé kan tí ó fi yé àwọn dókítà pé púpọ̀ nínú egungun tí wọ́n ń bá ní ṣíṣẹ́ lára ọmọdé, ọwọ́ òbí ni ó ṣẹ́ ẹ, àti ní ọdún 1974 ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ṣe òfin láti dènà ìwà ìkà sí ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tún ka ìlà tí irin ti ń ha ọmọ létí kí ó sì rẹ́rìn-ín kọjá mọ́.

Ìhà kẹta ń bẹ pẹ̀lú, ti àwọn tí wọ́n ní méjèèjì ni. Èmi náà wà ní ìhà yìí, ṣùgbọ́n ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi dúró síbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ńṣe ni wọ́n ń pín in ní ìdajì ìdajì bí ẹni ń pín ogún, wọn kò sì sọ bí ẹnu kan ṣe lè gba ìfẹ́ àti ẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀rọ̀ má dàrú. Ní ibi tí ó kù yìí ni mo gbà gbọ́ pé àwa ọmọ Òkè-Ògùn, láti Ṣakí tí Òkè Asabárí ń ṣọ́, dé Ìsẹ́yìn tí ń bẹ lẹ́sẹ̀ Òkè Ẹbẹdí, ní ohun kan láti sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ayé, nítorí pé etí wa ti gbọ́ irú ohùn yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì. Àlejò a máa rò pé ìpọ́nni ni oríkì, pé a kò jẹ́ sọ ohun tí kò dára sí i. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń pẹ̀ṣà, tàbí ti àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá, mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu kan náà tí ó pe baba ńlá ẹni ní akọni ni yóò sọ ìwà agídí rẹ̀, gbèsè tí ó jẹ, ìyàwó tí ó gbà lọ́wọ́ ọlọ́wọ́, àti bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sá nígbà tí inú bá bí i, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jókòó gbọ́, orí wọn yóò wú, wọn yóò náwó fún ẹni tí ó ń kì í. Adébóyè Babalọlá tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, fi hàn bí àwọn ọdẹ ti ń pe ẹwà ẹranko àti ewu rẹ̀ papọ̀. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ lórí oríkì àwọn ará Òkukù, tí ó jáde ní ọdún 1991, fi hàn pé ohun tí kò gún régé nínú ìgbésí ayé ènìyàn a máa di apá kan nínú oríkì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tàbùkù sí i. Ògún fúnra rẹ̀, tí ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ń pè ní baba, a kò lè kì í kí a má dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Oríkì kì í yọ ẹ̀rù kúrò kí ìfẹ́ lè ráyè. Inú ẹ̀rù náà ni ìfẹ́ ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí etí ń gbọ́ nínú oríkì, ojú a máa rí i ní ọjọ́ eégún. Baba tí ó ti kú a padà wá sí ìgboro nínú ẹ̀kú, àtòrì a sì máa wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé a sá, wọn a padà, wọn a tún sá. Nígbà tí ará ọ̀run bá sì dúró ní ojúde, wọn a kúnlẹ̀ gba àdúrà láti ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá fún. Kò sí àgbà kan tí yóò bi wọ́n pé èwo ni òótọ́ nínú sísá àti kíkúnlẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ ewì Roethke jùlọ, gẹ́gẹ́ bí èmi ti rí i, ni ìrèmọ̀jé, ohùn arò tí àwọn ọdẹ ń sun nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpà ọdẹ tí ó kú, tí Bádé Ajúwọ̀n fi ìwé kíkọ tọ́jú púpọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹni tí ń sun ìrèmọ̀jé kì í ròyìn òkú fún àwọn tí ó pé jọ nìkan. Òkú náà ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ní ojúkojú, bí ẹni pé ó jókòó níwájú rẹ̀, a máa bi í léèrè, a máa bá a wí, a máa rán an létí igbó tí wọ́n jọ rìn. Ẹ padà sí ewì náà wàyí, ẹ ó rí i pé láti ìlà àkọ́kọ́ ni akéwì ti ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ilẹ̀ ti bò láti ọdún 1923 ni ó ń pè ní “ìwọ” ní ọdún 1942. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé fò èyí kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n lójú mi ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kan baba rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò rò ó fún. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí a gbọ́ bí ó ti gbádùn ìgbà èwe rẹ̀ tó, àwọn ẹlòmíràn náà ni yóò sọ ọ́ fún. Ẹni tí ó bá òkú sọ̀rọ̀ ń wá ohun mìíràn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: ọmọ inú ewì yẹn ń wo iwájú, ó ń di baba rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú, ọkùnrin tí ó kọ ewì náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yìn ni ó ń wò, ó ń wò ó bóyá ẹni tí ó dì mú nígbà náà ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ baba tún jẹ́ ohun tí ojú Òkè-Ògùn lè rí kíákíá ju ojú ẹni tí ó dàgbà sí ìlú ńlá lọ. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì híhun ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá, tí sányán, àlàárì àti ẹtù ti ń ti ọwọ́ àwọn ọkùnrin jáde, ẹ̀gbẹ́ baba tàbí ẹ̀gbọ́n baba ni ọmọkùnrin ti ń kọ́ ọ; ọwọ́ tí ó gbá a létí nítorí òwú tí ó já ni ó tún di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fi bí ọ̀kọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ hàn án. Ní àwọn ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó yí Ṣakí, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Àgọ́-Àrẹ ká, baba tí ó ti ń kọ ebè láti ìdájí kò ní àtẹ́lẹwọ́ tí ó rọ̀ láti fi pa ọmọ lórí. Bí ó bá fi ọwọ́ kan ọmọ pẹ̀lú ìfẹ́ pàápàá, yóò ta ọmọ lára. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yára dá ọwọ́ Otto Roethke lẹ́bi nítorí pé ó le.

Ìtàn ààfin náà fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ ti lè le tó. Ìgbòho, tí í ṣe ìlú Òkè-Ògùn, ni àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí nígbà tí àwọn Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, mẹ́rin nínú wọn ni a sì sin síbẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, sọ bí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Aláàfin, ti ń bá baba rẹ̀ lo agbára, àti bí ó ti di àṣà pé bí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a kú, kí ọmọ má baà máa retí ikú baba. Ọba Àtìbà ni ó yí àṣà náà padà, tí Adélù ọmọ rẹ̀ fi jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1859. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1860 títí di ọdún 1862. Àwọn baba ńlá wa kò tan ara wọn jẹ nípa ohun tí ó lè wà láàrin baba àti àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n rí ìfẹ́, wọ́n rí ìfura, wọ́n sì fi òfin líle sí àárín méjèèjì.

Àwọn akéwì mìíràn ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Robert Hayden, tí alágbàtọ́ tọ́ dàgbà ní Detroit, kọ “Those Winter Sundays,” tí ó wọ inú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1962, nípa baba tí ń jí dáná nínú òtútù fún àwọn tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ilé tí ìbínú kò jìnnà sí. J. F. Ọdúnjọ tiwa náà, nínú ewì orí iṣẹ́ tí kò sí ọmọ ilé-ìwé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n lórí, kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má gbójú lé ọrọ̀ òbí. Mo sì ti máa ń gbọ́ ohùn baba nínú rẹ̀, baba tí ó ń fi ìfẹ́ ti ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ohun kan yé wa dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà fi oríkì àti eégún bo ohun tí kò yẹ kí a bò. Òwe wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ fi òwe yìí wọn ewì náà wò. Ọwọ́ baba kan di ọrùn ọwọ́ ọmọ mú, èkejì ń bà á lórí. Kò sí ọwọ́ kan tí ó ṣẹ́ kù láti fi fa ọmọ mọ́ra. Ọmọ ni ó fa baba mọ́ra. Ọmọ ni ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òsì fún baba tí ọtí ti gba ọwọ́ rẹ̀, èyí sì ni ó bà mí nínú jẹ́ jùlọ nínú gbogbo ìlà 16 náà. Ìyá tí ó dúró tí ó fa ojú ro, tí àwọn tí ń rí ayọ̀ nìkan ń kà sí aláìmọ eré, ẹlẹ́rìí ni. Òun nìkan ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ dá nínú ilé ìdáná náà, ojú rẹ̀ kò sì tú ká títí ewì fi parí. Orílẹ̀-èdè wa ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1991, ó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003. Ọmọ tí ẹ̀rù baba onímutí ń bà lálaalẹ́ ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Kìṣí lónìí kò nílò kí á kà á ní ewì, ó nílò kí ará ilé dá sí i. Pé ọmọ fẹ́ràn baba rẹ̀ kò sọ ọwọ́ baba náà di mímọ́.

Bí a bá wá fi dandan lé e pé kí n dá ẹjọ́, èmi yóò ní ọmọ náà bẹ̀rù, ó sì fẹ́ràn. Baba náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò mọ bí agbára ọwọ́ rẹ̀ ti tó mọ́. Oríkì baba tí ó ń bani lẹ́rù ni ewì náà, ẹnu ọmọ tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ó sì ti jáde. Ẹni tí ó bá mú ìfẹ́ kúrò nínú rẹ̀ ti ba ewì jẹ́, ẹni tí ó bá sì mú ọgbẹ́ kúrò ti ṣẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ilé-ìwé gbogbo Òkè-Ògùn, kí ẹ má ṣe bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ṣé baba inú ewì yìí dára ni tàbí ó burú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ìlà tí ó bà wọ́n lẹ́rù àti ìlà tí ó dùn mọ́ wọn, kí ẹ sì gbà wọ́n láyè bí ó bá jẹ́ ìlà kan náà. Láti ọdún 2010 ni ilé Ẹbẹdí tí Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ti ń gba àwọn òǹkọ̀wé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà lálejò. Ó yẹ kí àwọn àlejò wọ̀nyí lè gbọ́ ìrèmọ̀jé àti ẹ̀ṣà láti ẹnu àwọn tí ó ni ín kí wọ́n tó padà sí ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ bá àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀jẹ̀ àgbà tí ó kù ní àdúgbò yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọdún yìí.